Orúkọ, owó, àdúgbò: bẹ́ ẹ ṣe lè yan yunifásítì fún ọmọ tó fẹ́ ka kọ̀ǹpútà

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé Obantoko ní Abẹ́òkúta ló pè mí láàárọ̀ Sátidé kan, kò tiẹ̀ jẹ́ kí n kí i tán, ó ní kí n tètè máa bọ̀ torí ọmọ yìí àti bàbá ẹ̀ ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ látàná. Ọmọ tó ń wí, ọmọ ọdún 17 ni, Computer Science ló fẹ́ kà, fọ́ọ̀mù JAMB wà nílẹ̀, UNILAG ló sì wà lẹ́nu ẹ̀ bí orin. Bàbá ẹ̀ ní FUNAAB ni, ṣebí ẹ̀yìnkùlé àwọn ló wà, kí ló ń wá lọ sí Èkó. Ìyá ẹ̀ ní tiẹ̀ ń fojú sí yunifásítì aládàáni, torí ọmọ ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan lọ sí ọ̀kan, ó wọlé, ó jáde lọ́dún mẹ́rin géérégé, kò gbọ́ ìyanṣẹ́lódì ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, létí. Àbúrò bàbá ọmọ tó wà ní London náà ti fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp, odindi ìṣẹ́jú méje, ó ní UI tàbí OAU ni kí wọ́n fi sí i, pé orúkọ ni gbogbo ẹ̀.

Mo débẹ̀, wọ́n ti ro láfún sílẹ̀, mo jẹun, mo mumi, mo wá ní kí wọ́n fún mi ní ìwé àti bírò. Ohun tá a ṣe lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni mo fẹ́ kọ síbí, torí kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa ṣe é, ọmọ ẹ̀gbọ́n, ọmọ àbúrò, ọmọ pásítọ̀, gbogbo wọn ni wọ́n ń kó wá bá mi torí pé mo ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà l'Ékòó.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yọ eléyìí kúrò lọ́nà: iléèwé tí kò lè gba ọmọ yín ò sí lára ohun tẹ́ ẹ ń yàn. Fún Computer Science, Use of English, Maths àti Physics ni JAMB máa ń bèèrè, ìkẹrin lẹ lè fi Chemistry tàbí Economics tàbí òmíràn tó wà nínú brochure ṣe. Mo ti rí ọmọ tó gbé Government wọ̀ ọ́ torí pé ó mọ̀ ọ́n, máàkì ẹ̀ dùn ún wò, wọn ò gbà á. Àwọn iléèwé bíi UI, OAU àti UNILAG, tẹ́ ẹ bá fi wọ́n sípò kejì ẹ kàn fi àyè yẹn ṣòfò ni, ẹni tó fi wọ́n ṣe àkọ́kọ́ ni wọ́n ń wò. Wọ́n á ní 200 ni kẹ́ ẹ mú wá kẹ́ ẹ tó lè ṣe post-UTME, ìdánwò tí yunifásítì fúnra ẹ̀ ń ṣe lẹ́yìn ti JAMB, òótọ́ ni, àmọ́ ẹni tó mú 200 lọ wá Computer Science níbẹ̀ dà bí ẹni tó mú 500 náírà lọ sí ìsọ̀ alápatà, wọ́n á kí i káàbọ̀, kò ní rí ẹran rà.

Ìpínlẹ̀ tọ́mọ ti wá náà wà níbẹ̀. Ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀, nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ, 45 ni máàkì nìkan yẹ kó mú wọlé, 35 jẹ́ ti àwọn ìpínlẹ̀ tó yí iléèwé náà ká, 20 tó kù jẹ́ ti àwọn ìpínlẹ̀ tí ìjọba kà sí èyí tó ṣì wà lẹ́yìn nídìí ẹ̀kọ́. Ọmọ Ògùn bọ́ sínú 35 ti UNILAG, ó sì bọ́ sínú ti FUNAAB, ìyẹn dára fún wa. Tó bá jẹ́ yunifásítì ìpínlẹ̀ lẹ ń wò, LASU, OOU, LAUTECH, ẹ bèèrè owó méjì, ti ọmọ onílùú àti ti àlejò, torí ìyàtọ̀ àárín wọn lè tóbi. LAUTECH tó jẹ́ ti Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun pọ̀ tẹ́lẹ̀ ti di ti Ọ̀yọ́ nìkan láti 2020, kí ọmọ Ọ̀ṣun má lọ fi ìṣirò ayé ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ṣe tiẹ̀. Àwọn iléèwé tó ń fúnni ní BTech, ọdún márùn-ún ni wọn, ẹ kọ márùn-ún síbẹ̀, ẹ má kọ mẹ́rin.

Tí Computer Science bá le jù, ẹ wo àwọn àbúrò ẹ̀: Software Engineering, Cyber Security, Information Systems, Data Science. NUC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó yunifásítì, ti ya gbogbo wọn sọ́tọ̀ báyìí, FUTA tiẹ̀ ní tó pọ̀ nínú wọn. Níbi iṣẹ́ kò sẹ́ni tó máa bi ọmọ yín léèrè èwo nínú wọn ló kà. Kẹ́ ẹ ṣáà yẹ ẹ̀ka náà wò lórí lísìtì NUC, bóyá full accreditation, ìfọwọ́sí kíkún, ló ní, ìyẹn ọdún márùn-ún, àbí interim, ọdún méjì nìyẹn, àbí wọn ò tíì yẹ̀ ẹ́ wò rárá torí pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ẹ̀ka ni kẹ́ ẹ wò o, kì í ṣe yunifásítì. Iléèwé tó lórúkọ dáadáa lè ní ẹ̀ka kan tí NUC ń fojú burúkú wò.

Ó yá, orúkọ.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni parọ́ fún yín pé orúkọ ò já mọ́ nǹkan kan. UI ti wà láti 1948, Ifẹ̀, ìyẹn OAU, àti UNILAG ti ń kọ́mọ láti 1962, àwọn tó jáde níbẹ̀ ti kún báńkì, wọ́n kún ìjọba, wọ́n sì mọ ara wọn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí agbára ẹ̀ mọ. Lọ́dún 2022 ìjọba Ìlú Ọba gbé físà kan jáde fún àwọn tó jáde ní yunifásítì tó lórúkọ jù láyé, High Potential Individual ni wọ́n pè é, wọ́n tẹ lísìtì ẹ̀ síta, kò sí yunifásítì kan ṣoṣo láti ilẹ̀ Áfíríkà lórí ẹ̀. UI ò sí níbẹ̀, Ifẹ̀ ò sí níbẹ̀, Cape Town pàápàá ò sí níbẹ̀. Èyí ni mo tẹ̀ ránṣẹ́ sí bọ̀ọ̀dá London, ó kà á, àmì méjì pọn búlúù, kò fèsì títí ilẹ̀ fi ṣú. Àwọn tó ń to yunifásítì ayé lẹ́sẹẹsẹ bíi Times Higher Education, tá a bá wo tiwa nínú ẹ̀, UI àti Covenant ló sábà máa ń du iwájú, ìwádìí àti ìwé tí àwọn olùkọ́ tẹ̀ jáde ló sì wúwo gan-an nínú ohun tí wọ́n ń gbé sórí òṣùwọ̀n. Wọn kì í ka iye àga tó wà nínú lab 200 level.

Ibi tí mo ti gbà pé orúkọ ń ṣiṣẹ́ gan-an, ibi tí ọ̀pọ̀ òbí kì í wò ni. Shola Akinlade tó wà lára àwọn tó dá Paystack sílẹ̀, Babcock n'Ílíṣàn ló ti ka Computer Science, ibẹ̀ náà ló ti pàdé ẹni tí wọ́n jọ dá a sílẹ̀, nígbà tó di 2020 Stripe rà á lówó tó lé ní 200 mílíọ̀nù dọ́là. Odunayo Eweniyi àti àwọn méjì tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ PiggyVest, Covenant l'Ọ́tà ni wọ́n ti mọra. Jobberman, àwọn ọmọ Ifẹ̀ mẹ́ta ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 2009, nígbà tí ìyanṣẹ́lódì ti lé wọn kúrò ní kíláàsì. Ẹ wo iléèwé mẹ́ta yìí, ọ̀kan ti Adventist, ọ̀kan ti Winners, ọ̀kan ti ìjọba, kò sí èyí tó wà ní Yaba, àdúgbò àwọn ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà l'Ékòó, nínú wọn. Ohun tí wọ́n fi jọra ò ju pé èèyàn méjì mẹ́ta tórí wọn ń ṣiṣẹ́ rí ara wọn níbẹ̀, wọ́n sì lẹ̀ mọ́ra. Torí náà tí mo bá ń sọ̀rọ̀ orúkọ, àwọn tó máa jókòó ti ọmọ yín ni mò ń sọ. Iléèwé tó ṣòroó wọ̀ máa ń kó àwọn ọmọ tó já fáfá jọ, bóyá olùkọ́ wá, bóyá kò wá. Ìyẹn lohun tẹ́ ẹ ń rà.

Sàtífíkéètì fúnra ẹ̀ ńkọ́? Níbi iṣẹ́ wa, tá a bá fẹ́ gba ọmọ tuntun kan, CV lè tó ọgọ́rin nílẹ̀. Mi ò ní parọ́, ojú mi máa ń dúró díẹ̀ tí mo bá rí iléèwé tí mo mọ̀, kò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Lẹ́yìn ìyẹn mo máa ṣí ohun tó ti kọ́, sáítì tó ṣe fún ìyá ẹ̀ tó ń ta àdìrẹ n'Ítọ̀kú, app kékeré tí ṣọ́ọ̀ṣì wọn fi ń ka owó, ohunkóhun ṣáà, tí mi ò bá rí nǹkan kan, orúkọ iléèwé ò lè bá a dáhùn íńtáfíù. Báńkì ńlá àtàwọn ilé iṣẹ́ tó ń gba graduate trainee ṣì máa ń wo iléèwé lóòótọ́, ṣùgbọ́n 2:1, ìyẹn second class upper, ni wọ́n á kọ́kọ́ bèèrè, ọmọ tó ní 2:1 ní FUNAAB á wọlé níbi tí ọmọ tó ní third class ní UI ti ń dúró lẹ́nu géètì. Ẹni tó fẹ́ lọ ṣe master's lókè òkun, CGPA, àpapọ̀ máàkì ẹ̀, àti transcript, ìwé tó to èsì gbogbo kọ́ọ̀sì ẹ̀, ló máa gbé e lọ. Ẹ bi àwọn tó ti jáde léèrè, oṣù mélòó ni transcript wọn gbà kó tó jáde? Ìbéèrè yìí kéré lójú, àmọ́ mo mọ ẹnì kan tí ààyè ìwọlé bọ́ mọ́ lọ́wọ́ torí transcript ẹ̀ jókòó sórí tábìlì ẹnì kan fún oṣù méje, iléèwé tí mi ò ní dárúkọ.

Lórí owó, ìyá ọmọ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó ní ṣebí owó UNILAG ò pọ̀. Mo ní àǹtí, ayé ọjọ́un lẹ ń sọ, lọ́dún 2023 ni wọ́n ti gbé e kúrò ní 19,000 náírà kọjá 100,000. Síbẹ̀ òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn, owó iléèwé kọ́ ló ń pa èèyàn ní yunifásítì ìjọba, èyí tí wọn ò kọ sórí sáítì wọn ló ń pa èèyàn. A wá pín ìwé sọ́nà méjì. Apá ọ̀tún, ọmọ yìí lọ sí UNILAG, bẹ́ẹ̀dì inú họ́sítẹ́ẹ̀lì ò kárí, ká kúkú gbà pé kò rí, òun àti ọ̀rẹ́ ẹ̀ wá jọ gba yàrá kan ní Abúlé-Ọjà tàbí Onikẹ, tiẹ̀ nínú rẹ́ǹtì 400,000, a ò tíì ka ti ẹ́jẹ́ǹtì àti àgírímẹ́ǹtì ọdún àkọ́kọ́. Oúnjẹ 15,000 lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 36, ìyẹn 540,000. Dátà 8,000 lóṣù, 96,000. Wíwá sílé nígbà mẹ́fà lọ́dún, àlọ àtàbọ̀ 8,000, 48,000 nìyẹn. Gbogbo ẹ̀ 1,084,000, kò tíì san kọ́bọ̀ owó iléèwé.

Apá òsì, ó ń ti ilé lọ sí FUNAAB. Láti Obantoko dé Alábàtà àlọ àtàbọ̀ 1,600, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 36, ó di 288,000. Oúnjẹ ọ̀sán 1,500 lójúmọ́, 270,000, torí àárọ̀ àtalẹ́ inú ìkòkò ìyá ẹ̀ ló ti máa jẹ ẹ́. Dátà bákan náà, 96,000. Àpapọ̀ ẹ̀ 654,000. Ìyàtọ̀ wọn 430,000 lọ́dún, ẹ fi mẹ́rin lù ú, 1,720,000. Iye tiwa ni o, ẹ má wò ó kọ, ẹ bèèrè iye rẹ́ǹtì àdúgbò tẹ́ ẹ ń wò lọ́wọ́ ọmọ tó ń gbé ibẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́, kì í ṣe lọ́wọ́ ẹni tó jáde níbẹ̀ lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn.

Bàbá ọmọ wo 1,720,000 yẹn, ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ti borí. Mo ní kí wọ́n ní sùúrù, a ò tíì ka sítíráìkì. Lọ́dún 2020 oṣù mẹ́sàn-án ni ASUU fi wà nílé, lọ́dún 2022 oṣù mẹ́jọ, láti Fẹ́búárì dé Oṣù Kẹwàá. Ẹni tó bá yá yàrá, lańlọ́ọ̀dù ò mọ ASUU, rẹ́ǹtì ń jó lọ lórí yàrá òfìfo. Ẹni tó ń ti ilé lọ ò pàdánù owó yẹn. Torí náà tẹ́ ẹ bá ń yan yunifásítì ìjọba, ẹ fi ọdún kan lé ọdún tí wọ́n kọ síbẹ̀, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ọwọ́ yín ṣì ká a. Tí ìyanṣẹ́lódì ò bá wá, ẹ lówó lọ́wọ́ nìyẹn.

Ti yunifásítì aládàáni, owó tiwọn ń jẹ́ mílíọ̀nù, ṣùgbọ́n ẹ má kàn gbé owó iléèwé tiwọn ti owó iléèwé ìjọba, àpapọ̀ sí àpapọ̀ ni kẹ́ ẹ fi wọ́n wéra, torí họ́sítẹ́ẹ̀lì sábà máa ń wà nínú tiwọn, níbòmíràn oúnjẹ náà wà níbẹ̀, ọdún mẹ́rin wọn sì sábà máa ń jẹ́ mẹ́rin. Mo ṣe ìṣirò yẹn fún ẹ̀gbọ́n mi, kò fi bẹ́ẹ̀ burú tó bí bàbá ṣe rò. Ìgbà yẹn ni mo wá bi wọ́n léèrè ohun kan ṣoṣo: tí ọjà ò bá tà mọ́ nígbà tọ́mọ wà ní 300 level ńkọ́? Yunifásítì ìjọba, èèyàn lè yá owó, ó lè jẹ àjọ, ó lè ta ilẹ̀ kékeré kan, ọmọ á parí. Ti aládàáni, tówó ò bá pé kò ní wọ gbọ̀ngàn ìdánwò. NELFUND tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2024, owó tí wọ́n ń yáni láì gba èlé, kò kan yunifásítì aládàáni. Fún ti ìjọba, wọ́n á san owó iléèwé tààrà fún iléèwé, wọ́n á sì fọ́mọ ní 20,000 lóṣù tó bá bèèrè fún un, ó di ọdún méjì lẹ́yìn NYSC kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á padà, ìdámẹ́wàá owó oṣù ẹ̀. Mo ní kí wọ́n fìyẹn ṣe ẹ̀ṣọ́ ọjọ́ òjò. Ẹ̀gbọ́n mi wolẹ̀ títí, kò sọ̀rọ̀ aládàáni mọ́.

Bọ́mọ ṣe rí i pé UNILAG ti ń yọ́ lọ, ó ní Àǹtí Ṣómólú ńkọ́, òun lè máa gbé lọ́dọ̀ wọn, rẹ́ǹtì ti kúrò níbẹ̀ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ yìí mú bàbá ẹ̀ gan-an ronú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi o, ilé ẹbí kì í ṣe ọ̀fẹ́. Wọn ò ní gbowó lọ́wọ́ ọmọ, àmọ́ òun ló máa pọnmi, òun ló máa mú àwọn ọmọ kéékèèké lọ síléèwé láàárọ̀, òun ló máa bá wọn dúró ti ṣọ́ọ̀bù lálẹ́, kọ́ọ̀sì kọ̀ǹpútà sì ni kọ́ọ̀sì tí èèyàn ń jókòó tì fún wákàtí mẹ́rin pẹ̀lú error kan ṣoṣo, tí wọ́n bá pe orúkọ ẹ nígbà mẹ́ta láàárín ẹ̀, o ti sọ òkùn nù. Mo bi í, wákàtí mélòó ló máa ní fún ara ẹ̀ lọ́dọ̀ Àǹtí Ṣómólú? Ó ní méjì. Mo bi í pé nílé níbí ńkọ́? Ó wojú ìyá ẹ̀, kò dáhùn. Gbogbo wa mọ̀.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ wákàtí ni ohun tójú èmi rí. Iléèwé tí mo lọ, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ nínú lab wa ò ju mọ́kànlá lọ, a sì ju igba lọ nínú kíláàsì. Ìdánwò C++, orí ìwé la ti kọ ọ́, pẹ̀lú bírò, ẹni tó bá gbàgbé semicolon, máàkì kan lọ. Mo gba B nínú kọ́ọ̀sì yẹn. Lẹ́yìn ìdánwò mo lọ sí kafé kan lẹ́yìn géètì, jẹnẹrétọ̀ wọn ń han, mo tẹ kóòdù tí mo kọ nínú ìdánwò sínú kọ̀ǹpútà, lẹ́tà sí lẹ́tà, mo ní kó ṣiṣẹ́, error mẹ́rìnlá tò sílẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé mi ò tíì mọ nǹkan kan. Kafé yẹn ló kọ́ mi níṣẹ́, kì í ṣe lab.

Torí náà tẹ́ ẹ bá ń wo àdúgbò, Èkó àbí kì í ṣe Èkó kọ́ ni ìbéèrè àkọ́kọ́. Iná ni. Àdúgbò táwọn ọmọ ń gbé, ṣé Band A ni, ìpele tí wọ́n ṣèlérí wákàtí ogún iná lójúmọ́ fún, ṣé iná yẹn ń dé? Nẹ́tíwọọ̀kì wo ló ń fà níbẹ̀? Láti yàrá dé kíláàsì, kẹ̀kẹ́ mélòó? Àǹfààní Èkó wà lóòótọ́, mi ò ní sọ pé kò sí. UNILAG sún mọ́ Yaba, CcHUB, ibi táwọn tó ń dá ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà sílẹ̀ ń pé jọ sí, wà lójú ọ̀nà Herbert Macaulay, ẹnì kan nínú àwọn tó dá a sílẹ̀, Bosun Tijani, ló di mínísítà lọ́dún 2023. Ọmọ tó bá ń lọ síbi ìpàdé àwọn tó ń kọ kóòdù ní Sátidé á mọ èèyàn, èèyàn ló sì ń fani wọ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n kò dìgbà tó bá ń sùn ní Akoka, àdúgbò UNILAG. IT oṣù mẹ́fà, ìgbà tọ́mọ ń lọ kọ́ṣẹ́ nílé iṣẹ́, wà nínú kọ́ọ̀sì yìí, ọmọ Àkúrẹ́, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, gbogbo wọn ni wọ́n ń wá ṣe é l'Ékòó. Ti ọmọ Abẹ́òkúta tiẹ̀ rọrùn jù, rélùwéè tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2021 ń gbé èèyàn láti Láderin lọ bọ́ sílẹ̀ ní Ebute Metta, ẹ̀gbẹ́ Yaba gan-an, kò ní gba Bágà, kò ní wo ojú dáńfó kan.

Ohun tó kù ni kẹ́ ẹ lọ fojú ara yín rí iléèwé náà. Ẹ má lọ lọ́jọ́ tí wọ́n ń ṣe àpèjẹ, ẹ lọ ní ọjọ́ Túsìdé lásán ní aago mọ́kànlá. Ẹ wá ẹ̀ka Computer Science lọ, ẹ má wá sẹ́nétì, ilé tí ọ́fíìsì àwọn ọ̀gá wà, ẹ wá 300 level méjì, ẹ ra Gala àti mineral fún wọn, wọ́n á sọ̀rọ̀ ju ẹnikẹ́ni tó wà lọ́fíìsì lọ. Ẹ bi wọ́n léèrè ẹni tó ń mú kọ́kọ́rọ́ lab lọ́wọ́. Ẹ bi wọ́n léèrè ibi tí àwọn ṣáájú wọn ti lọ ṣe IT, tí wọ́n bá dárúkọ ilé iṣẹ́ sọ́fítíwíà mẹ́ta, ó dáa, tó bá jẹ́ pé báńkì tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tòkọ́pì ni gbogbo ẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ bèèrè ìgbà tí ẹgbẹ́ àwọn tó ń kọ kóòdù pàdé kẹ́yìn, kẹ́ ẹ sì bèèrè bóyá èsì ìdánwò tó kọjá ti jáde. Nígbà tí mo tẹ̀lé ọmọ pásítọ̀ wa lọ síbì kan lọ́dún tó kọjá, ọmọ tí mo bi léèrè kọ́kọ́rọ́ bú sẹ́rìn-ín, ó ní ó wà lọ́wọ́ bàbá kan, tí bàbá bá lọ síbi ìsìnkú nílùú wọn, lab máa wà ní títì nìyẹn di Mọ́ńdè. Ẹ ò lè rí ìyẹn lórí sáítì kankan.

Ẹ jẹ́ kí n padà s'Óbantoko. Ọmọ yẹn ò sọ̀rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ojú ẹ̀ ò kúrò lára 1,720,000 tí mo fàlà sí lábẹ́. Ó wá ní, "Dádì, tí mo bá lọ sí FUNAAB, ṣé owó yìí máa di tèmi?" Bàbá ẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Ibẹ̀ ni ìdúnàádúrà ti bẹ̀rẹ̀, ọmọ yẹn mọ ọjà ná ju ìyá ẹ̀ lọ. FUNAAB ló máa wà nípò kìíní. Láptọ́ọ̀pù gbọ́dọ̀ wà nílé kí ọjọ́ ìwọlé tó pé. Dátà ò gbọ́dọ̀ gé. Sátidé méjì lóṣù, owó rélùwéè lọ sí Yaba wà lọ́rùn bàbá. Èkó ló ti máa ṣe IT, nígbà yẹn Àǹtí Ṣómólú á gbà á sọ́dọ̀ fún oṣù mẹ́fà. Lẹ́yìn náà ló wá kọ èyí tó kẹ́yìn, pé wọn ò gbọ́dọ̀ pe òun sí ṣọ́ọ̀bù kó tó di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀. Bàbá sáìnì kíákíá. Ìyá ẹ̀ ka ti ìkẹyìn yẹn lẹ́ẹ̀mejì, ó ní ta wá ni kó máa bá òun ta ọjà, a bẹ̀ ẹ́ títí, ó fi bírò sáìnì bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fi ọlọ́pàá mú.

Láptọ́ọ̀pù ló kù báyìí. Mo ti sọ fún bàbá ẹ̀ pé kó má wo àwọ̀ ara ẹ̀, UK-used tó dáa láti Computer Village n'Íkẹjà ti tó, RAM ẹ̀ ò gbọ́dọ̀ dín ní 8GB, SSD ni kó wà nínú ẹ̀. Tí wọ́n bá gbé e fún un, kó yọ ṣájà, kó jókòó síbẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó máa wo bátìrì ẹ̀ bó ṣe ń lọ sílẹ̀. Ẹni tó ń tà á á máa kánjú, á ní kọ́sítọ́mà míì ń dúró. Kó má dìde.